Ìgbésí Ayé Hideyo Noguchi, Onímọ̀ Bakitéríà tí Ó Kú sí Accra

 Ó ti di àṣà pé kí ìwé ìrántí bí irú èyí má ṣàìní ìtàn ẹnì kan nínú, ẹni tí ó ti sùn tipẹ́ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sùn. Ìtàn àwọn míṣọ́nnárì ni a sábà máa ń sọ. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, a mú ìtàn oníṣègùn kan wá, ọmọ ilẹ̀ Japan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hideyo Noguchi. Èdè wa kọ́ ni èdè rẹ̀, ìran wa kọ́ sì ni ìran rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ ilẹ̀ Èkó, ó ṣiṣẹ́ ní Accra, ibẹ̀ ni ikú sì ti bá a ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 1928.

Ohun mẹ́ta ni ó mú wa yan ìtàn rẹ̀. Èkíní, ọmọ tálákà ni, tí ọwọ́ rẹ̀ kan rọ láti kékeré, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé sì fi owó àpò wọn gbé dìde. Èkejì, bakitéríà ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wò, bakitéríà kan náà tí àwọn ọmọ wa ń ya àwòrán rẹ̀ nínú ìwé bayọ́lọ́jì wọn láìmọ iye ẹ̀mí tí ìmọ̀ náà ti ná ayé. Ẹ̀kẹta, àìsàn tí ó pa á, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, kì í ṣe ohun àtijọ́ fún wa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, a rí i lára ọmọdébìnrin ọlọ́dún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Gúúsù Kwara wa níbí, láti ibẹ̀ ni ìròyìn rẹ̀ sì ti tàn ká Nàìjíríà.

Ọmọ tí iná jó

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 1876 ni a bí i, ní abúlé kan létí adágún Inawashiro, ní agbègbè Fukushima. Seisaku ni orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ ọ́. Àgbẹ̀ aláìní ni wọ́n nílé wọn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ọtí ju oko lọ, ìyá rẹ̀, Shika, ni ó sì gbé ẹrù ilé náà rù. Obìnrin yìí a máa ro oko lójúmọmọ, a máa lọ pa edé nínú adágún lálẹ́ láti tà, a sì máa ru ẹrù ẹlẹ́rù kọjá lórí òkè nítorí owó táṣẹ́rẹ́.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ó ṣubú sínú ààrò tí wọ́n ń dá iná sí láàárín ilé. Ìyá rẹ̀ wà níta ní àkókò náà. Kí ó tó sáré dé, iná ti jó ọwọ́ òsì ọmọ náà débi pé nígbà tí egbò jinná, àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọwọ́ sì ti ká kò bí ẹ̀ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yìí ti pinnu ohun kan: ọmọ tí kò lè di ọkọ́ mú, ìwé ni yóò dì mú. Ní abúlé tí ọmọ àgbẹ̀ ti ń di àgbẹ̀, ìpinnu ńlá ni.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ọwọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ní ọdún 1889, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Sakae Kobayashi wá dán àwọn ọmọ náà wò, ó rí ohun tí ó wà nínú ọmọ aláàbọ̀ ara yìí, ó sì mú un lọ sí ilé-ìwé tí ó ga jù èyí tí ó wà lọ. Ní ọjọ́ kan, Seisaku kọ àròkọ nípa ọwọ́ rẹ̀ àti ìtìjú tí ó ń bá a gbé. Àròkọ náà gún àwọn tí ó kà á lọ́kàn. Àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá owó jọ, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Kanae Watanabe, tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, sì fi abẹ ya àwọn ìka náà kúrò lára ara wọn ní ọdún 1892. Ọwọ́ náà kò padà dà bí ọwọ́ ẹni gbogbo, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a ń fi di nǹkan mú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí. Owó tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ̀nyí dá kò pọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, iṣẹ́ abẹ yẹn ni ó jẹ́ kí ọmọdékùnrin náà mọ ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe: oníṣègùn ni yóò dà. Nígbà tí ó parí ilé-ìwé ní 1893, ilé ìwòsàn Watanabe ni ó ti lọ kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè òyìnbó, tí ó ti fi ojú rẹ̀ wo inú máíkírósíkóòpù. Ní ìlú náà, Wakamatsu, ni ó sì ti gba ìrìbọmi nínú ìjọ Krístì ní 1895.

Ní 1896 ó kọrí sí Tokyo. Morinosuke Chiwaki, oníṣègùn eyín kan, ni ó gbà á sílé tí ó sì ń ná owó lé e lórí. Nígbà tí ó fi máa di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ti yege nínú ìdánwò ìjọba fún àwọn oníṣègùn, ó sì wà ní ọmọ ogún ọdún. Ní 1898 ó wọ ibi ìwádìí àrùn tí Shibasaburo Kitasato jẹ́ olórí rẹ̀. Ọdún náà ni ó yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní Seisaku sí Hideyo.

Ohun tí ó ń wò nínú awò

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bakitéríà, nítorí láìmọ bí ó ṣe rí, a kò lè mọ ibi tí ọkùnrin yìí ti ṣe àṣeyọrí àti ibi tí ó ti ṣìnà.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni bakitéríà kan jẹ́. Ara ènìyàn ní àìmọye sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dà bí ilé oníyàrá púpọ̀: yàrá kan wà láàárín tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àjogúnbá sí. Bakitéríà kò ní yàrá àárín yẹn. Ilé oníyàrá kan ni. Àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí a ń pè ní DNA, wà ní ìká bí òwú tí a sọ orí rẹ̀ mọ́ ìdí, láàárín omi inú sẹ́ẹ̀lì náà gan-an. Àwọn èròjà wínníwínní tí a ń pè ní ráíbósóòmù kún inú omi náà, àwọn ni wọ́n ń ka àkọsílẹ̀ náà tí wọ́n sì ń fi ṣe pùròtéènì, bí télọ̀ ti ń wo ìwọ̀n tí ó ń rán aṣọ.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo omi inú yìí. Òun ni aṣọ́bodè: ó mọ ohun tí yóò wọlé, ó mọ ohun tí yóò jáde, lára rẹ̀ sì ni bakitéríà ti ń rí agbára tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn awọ yìí ni ògiri wà. Iṣẹ́ ògiri ni kí ó má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà bẹ́ nígbà tí omi bá rọ́ wọ inú rẹ̀, òun náà ni ó sì fún un ní ìrísí. Òmíràn rí roboto bí ẹ̀wà, òmíràn gùn bí ọ̀pá, òmíràn lọ́ bí okùn tí a pọ́. Ní 1884, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Hans Christian Gram, ṣàwárí aró kan tí ó ń fi irú ògiri tí bakitéríà ní hàn. Àwọn tí ògiri wọn nípọn a di àwọ̀ àlùkò. Àwọn tí ògiri wọn fẹ́lẹ́, tí awọ mìíràn sì tún bò ó lóde, kì í di àlùkò mú, aró pupa tí a fi kún un ni wọ́n ń gbà. Títí di òní, ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò máa ń ṣe nìyẹn, nítorí òògùn tí ó ń pa ọ̀kan lè má ran èkejì.

Àwọn kan ní ìwérí lóde ògiri, tí ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara wa rí wọn dì mú. Àwọn kan ní ìrù tí ń yí bí abẹ̀bẹ̀ iná mànàmáná, tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn kan, bí èyí tí ó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí Kitasato ọ̀gá Noguchi yà sọ́tọ̀ ní 1889, a máa ká ara wọn sínú èèpo líle nígbà tí ìyà bá dé, wọn a sì wà nínú erùpẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìkú.

Wọ́n kéré. Bí a bá to bakitéríà ẹgbẹ̀rún kan sí ìlà kan, púpọ̀ nínú wọn kò ní gùn ju mílímítà kan tàbí méjì lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bí sí i. Ọ̀kan a pín sí méjì, méjì a pín sí mẹ́rin. Àwọn tí ó yára jù lè pín ní ogún ìṣẹ́jú sí ara wọn nígbà tí oúnjẹ àti ooru bá tó. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó bá ń pín bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méje yóò ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ tí a kò gbóná kí a tó sùn fi máa ń bà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Irú tí àwọn ìyá wa ń pa, bakitéríà ni ó ń mú un tú tí ó sì ń fún un ní òórùn rẹ̀. Ògì tí a rẹ, òun ni ó ń mú un kan. Àwọn kókó kéékèèké tí àgbẹ̀ ń rí lára gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní oko Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá, ilé bakitéríà ni. Wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún ewéko náà, ilẹ̀ sì ń jèrè rẹ̀. Nínú ìfun wa pàápàá, wọn kò lóǹkà.

Fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Kò ní ògiri, kò ní ráíbósóòmù, kò lè jẹun, kò lè pín fúnra rẹ̀. Àkọsílẹ̀ lásán ni, tí a fi èèpo wé, tí ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn láti sọ ọ́ di ẹrú rẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí máíkírósíkóòpù ìgbà ayé Noguchi kò fi lè rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn.

Ọdún ògo

Ní 1899, nígbà tí onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, Simon Flexner, ṣe àbẹ̀wò sí Tokyo, Noguchi ni ó ṣe ògbufọ̀ fún un. Lẹ́yìn èyí, ó ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ìlera ní èbúté Yokohama, ó sì lọ sí China níbi tí àjàkálẹ̀ àrùn inú eku ti bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ọkàn rẹ̀ wà. Kò yẹ kí a fi àléébù rẹ̀ pamọ́: ọwọ́ rẹ̀ kì í pa owó mọ́. Owó tí ó rí fún ìrìn àjò náà, àsè ìdágbére ni ó ná an sí, Chiwaki sì tún ní láti yá owó kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ní òpin 1900 ni ó dé ẹnu ọ̀nà Flexner ní Philadelphia, láìṣe pé ẹnikẹ́ni pè é.

Flexner fi í sídìí oró ejò. Ó ṣiṣẹ́ náà bí ẹni pé oorun kò sí. Ó lọ sí Denmark fún ọdún kan láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Thorvald Madsen, nígbà tí ó sì padà dé ní 1904, ó wọ ibi ìwádìí Rockefeller tuntun ní New York, ibẹ̀ ni ó sì jẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Ní 1912 ó fẹ́ Mary Dardis.

Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi dúró jù lọ ni èyí tí ó ṣe ní 1913. Ní ayé ìgbà náà, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kún fún àwọn tí ọpọlọ wọn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ara wọn yóò fi rọ tí wọn yóò sì kú. Àwọn ènìyàn fura pé sífílíìsì àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí i. Bakitéríà tí ó ń fa sífílíìsì tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, ó sì lọ́ bí irun tí a yí. Kò ní ìrù lóde bí àwọn yòókù. Abẹ́ awọ òde rẹ̀ ni àwọn ìrù rẹ̀ wà, tí wọ́n wé mọ́ ọn lára, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń yí bí ìdè nígbà tí ó bá ń rìn. Aró kì í sábà mú un. Noguchi wo ọpọlọ àwọn tí ó ti kú, ó wò ó lọ́pọ̀lọpọ̀ òru, títí ó fi rí i. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ dájú pé àìsàn ọpọlọ lè ti ọwọ́ bakitéríà wá, àti pé kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà àjẹ́.

Ṣùgbọ́n ògo yìí ní òjìji. Ní ọdún 1911, ó kéde pé òun ti gbin bakitéríà sífílíìsì sínú ìgò. Àwọn ẹlòmíràn gbìyànjú rẹ̀, kò bọ́ sí i fún wọn. Ọdún 2018 ni àwọn onímọ̀ tó ṣe é ní àṣeyọrí tí ó tọ́jọ́, ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ó tún kéde pé òun ti rí ohun tí ó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀ ọmọdé àti ti ajá dìgbòlugi. Fáírọ́ọ̀sì ni méjèèjì, kò sì rí wọn. Láàárín àkókò kan náà, ó dán àyẹ̀wò sífílíìsì kan wò lára àwọn aláìsàn àti àwọn ọmọ aláìlóbìí ní New York, tí a kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ariwo ta. Ní òde òní, kò sí ilé ìwòsàn tí a óò ti gbà pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lépa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé ara ọmọ aláìní kì í ṣe ohun tí a fi ń dánra wò.

Ní ilé, ìyá rẹ̀ ń darúgbó. Shika kò kàwé nígbà èwe, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní ìlú òkèèrè, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá kí òun rí ojú rẹ̀. Ní 1915 ó lọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó mú ìyá rẹ̀ rìn káàkiri ilẹ̀ Japan, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé obìnrin aláró oko yìí ni ó bí òun. Ó padà sí Amẹ́ríkà. Kò sì tún fojú kan ìyá náà mọ́. Ọdún 1918 ni ìyá náà kú.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀

Ọdún 1918 yẹn náà ni a rán an lọ sí Guayaquil ní Ecuador, níbi tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ń pa ènìyàn. Àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà tí Walter Reed ṣáájú wọn ti fi hàn ní Cuba ní 1900 sí 1901 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà náà kiri, àti pé ohun tí ó ń fà á kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba inú asẹ́ kọjá, asẹ́ amọ̀ tí kì í jẹ́ kí bakitéríà kọjá.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ó dé, Noguchi ti rí bakitéríà kan lára àwọn aláìsàn. Leptospira ni ìdílé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ìdílé náà ní orúkọ yìí. Ẹ wo ohun tí ó tàn án. Leptospira tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn bakitéríà yòókù lọ, ó fẹ́lẹ́ débi pé òun náà lè yọ́ gba inú asẹ́ kọjá. Àìsàn tí ó ń fà, tí a ń kó láti inú omi tí eku ti tọ̀ sí, a máa mú ojú pọ́n, a máa ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Àmì méjì bá ara mu, ó sì kéde pé òun ti mú olè náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kan nínú àwọn aláìsàn tí a gbé wá bá a, àìsàn ti eku ni ó ń ṣe wọ́n. A ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti inú àwárí rẹ̀, a gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sì lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Ní 1926, Max Theiler àti Andrew Sellards ní Harvard fi hàn pé leptospira Noguchi àti ti àìsàn eku kò yàtọ̀ rárá. Ọdún kan náà ni Noguchi ṣe iṣẹ́ rere mìíràn, tí ó fi hàn pé àìsàn méjì tí wọ́n ń dààmú àwọn ará Peru, bakitéríà kan ṣoṣo ni ó bí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ leptospira kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Iwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ẹjọ́ náà ti parí. Láti 1925 ni àjọ Rockefeller ti dá ibi ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sílẹ̀ ní Yaba, ní Èkó. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ wá leptospira lára àwọn aláìsàn wa títí, wọn kò rí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve ní ilẹ̀ Gold Coast, tí ibà náà mú. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ láti ilẹ̀ India, ọ̀bọ náà kú. Asibi yè. Adrian Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bauer àti Hudson, sì fi hàn pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ń gba asẹ́ kọjá, kì í sì í ṣe leptospira. Fáírọ́ọ̀sì ni. Stokes kò rí ìparí iṣẹ́ náà, ibà náà pa á ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927.

Ikú Stokes kò dá Noguchi dúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó ti gúnlẹ̀ sí Accra. William Alexander Young, olórí ibi ìwádìí ìjọba níbẹ̀, fún un ní àyè. Ó lè jókòó sí New York kí ó máa fi ìwé jà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá sí ibi tí àìsàn náà wà láti wo ẹ̀rí lójú. Oṣù mẹ́fà ni ó fi ṣiṣẹ́, lóru, lọ́sàn-án, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀bọ. Leptospira tí ó ń wá kò sí níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928, ó wọ ọkọ̀ wá sí Èkó láti bá àwọn ará Yaba sọ̀rọ̀ kí ó tó padà sílé. Àárẹ̀ ti mú un kí ó tó padà dé Accra. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò jáde níbẹ̀ láàyè. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Young, tí ó ṣe àyẹ̀wò òkú rẹ̀, náà fi kú nípa ibà kan náà. New York ni a sin Noguchi sí.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀

Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi, Theiler àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ tọ́ fáírọ́ọ̀sì náà títí ó fi di aláìlágbára, wọ́n sì fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tòótọ́ ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún àwọn ọmọ wa ní oṣù mẹ́sàn-án, èyí tí Nàìjíríà fi sínú ètò àjẹsára gbogbogbòò ní 2004, àtọmọdọ́mọ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Gold Coast yẹn ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gún un, ó sì tó fún gbogbo ọjọ́ ayé.

A kò gbàgbé Noguchi náà. Ní 1979, ìjọba Japan kọ́ ibi ìwádìí ìṣègùn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè sí Yunifásítì Ghana ní Legon. Nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà ní 2020, ibẹ̀ ni a ti ṣe púpọ̀ nínú àyẹ̀wò orílẹ̀-èdè náà. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà lára owó ẹgbẹ̀rún yen tí Japan ń gbé jáde láti 2004 títí di 2024. Ẹ̀bùn kan sì wà ní orúkọ rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ takuntakun fún ìlera Áfíríkà.

Kí ni a rí kọ́? Ẹ̀yin òbí, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò WAEC nìkan. Pẹnisílíìnì ń pa bakitéríà nítorí pé ó ń ba ògiri rẹ̀ jẹ́. Ara wa kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ba sẹ́ẹ̀lì wa jẹ́ bí ó ti ń ba ti bakitéríà jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní ògiri, nítorí náà kò sí ohun tí kápúsù olómi ọsàn tí a rà ní ìsọ̀ kẹ́míìsì lè ṣe fún un. Ẹni tí ó bá ń fún ọmọ ní kápúsù fún gbogbo ibà, ń fi àkókò ṣòfò ni, ó sì ń kọ́ àwọn bakitéríà inú ọmọ náà ní ọgbọ́n àìgbọ́ òògùn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àyẹ̀wò kí a tó lo òògùn, kí a lò ó tán bí oníṣègùn ti ní kí a lò ó, kí a gún ọmọ ní àjẹsára, kí a sì da omi tí ó dúró sínú agolo àti táyà nù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn náà ń yé sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, iṣẹ́ àṣekára kò tó fún onímọ̀. Noguchi ṣiṣẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń yára gba ohun tí ó ń fẹ́ rí gbọ́. Ẹni tí ó bá rí nǹkan nínú awò, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn náà wò ó kí ó tó pariwo. Síbẹ̀, nígbà tí ayé takò ó, ó tọ ẹ̀rí lọ, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Nínú ìgbàgbọ́ tí a fi dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀, òtítọ́ ju orúkọ ènìyàn lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ rántí owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ dá jọ létí adágún Inawashiro. Bí wọn kò bá dá a, ọwọ́ yẹn ì bá má là. Ní Ìlọ́fà àti ní gbogbo Òkè-Ẹrọ̀, àwọn ọmọ tí orí wọn pé ṣì ń bẹ, tí owó ìwé ń dí lọ́nà, tí yàrá sáyẹ́ǹsì wọn kò sì ní máíkírósíkóòpù tí ó tó. Kì í ṣe dandan kí ẹnì kan ṣoṣo gbé ẹrù náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá pawọ́pọ̀, a óò ṣe é.

Kí Ọlọ́run tí ó dá èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó tóbi jù fún wa ní ìmọ̀, kí ó fún wa ní àánú láti máa fi ṣe rere. Ọdún àjọ̀dún yóò yabo o. Àmín.